John Sankey àti Ẹjọ́ Woolmington

Ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Moreton-in-Marsh, ní ẹkùn Gloucestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí John Sankey ní ọdún 1866. Oníṣòwò aṣọ ni baba rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lancing àti ní Jesus College, Oxford, ó di agbẹjọ́rò ní ọdún 1892, ó sì fi Cardiff ṣe ibùjókòó. Ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ni ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ó di adájọ́ ní ọdún 1914. Ní ọdún 1919, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ èédú, ó sì dámọ̀ràn pé kí ìjọba gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Ìjọba kọ̀. Ọdún 1929 ni Ramsay MacDonald, olórí ìjọba, fi í joyè Lord Chancellor, tí í ṣe olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà.

Ẹjọ́ Reginald Woolmington ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ọmọ ọdún 21 ni Woolmington, alágbàṣe oko ní Dorset. Ìyàwó rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ, kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1934. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, ọkọ jí ìbọn ọ̀gá rẹ̀, ó gé ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì lọ bá a níbẹ̀. Ìbọn dún, ìyàwó kú. Àlàyé Woolmington ni pé òun fẹ́ dẹ́rù bà á pé òun yóò pa ara òun bí kò bá padà sílé, àti pé ṣèèṣì ni ìbọn dún. Àlàyé yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn yóò tètè gbà gbọ́. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ará ìlú ẹlẹ́ni 12 tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní Taunton kò lè fohùn ṣọ̀kan.

Ní Bristol ni wọ́n ti tún un gbọ́ ní oṣù kejì ọdún 1935, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tí Adájọ́ Swift ń tọ́ ìgbìmọ̀ náà sọ́nà, ó ní bí ó bá ti hàn pé ọwọ́ Woolmington ni obìnrin náà kú sí, ìpànìyàn ni, àfi bí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ bá lè fi yé wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé òfin kan ti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìlànà yìí ti wá. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò yí i padà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba fọwọ́ sí i pé kí ẹjọ́ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà.

Ní oṣù karùn-ún, Sankey ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fagi lé ẹ̀bi náà. Olùpẹ̀jọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, títí kan pé ọ̀daràn náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó fi ìlànà yìí wé òwú wúrà tó la gbogbo òfin ọ̀daràn já. Bí iyèméjì bá kù lọ́kàn ìgbìmọ̀, ìdáǹdè ni ti olùjẹ́jọ́. Sankey kò sọ pé òótọ́ ni Woolmington ń pa, kò sì pọn dandan kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ lọ́wọ́ okùn.

Ní Nàìjíríà, níbi tí adájọ́ nìkan ti ń dá ẹjọ́, ìlànà kan náà wà ní abala 36, ẹsẹ 5, ìwé òfin ọdún 1999.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba MacDonald parí, oyè bọ́ lọ́wọ́ Sankey. Kò fẹ́ ìyàwó títí ó fi kú. Ó ṣojú rẹ̀ tí ìjọba fi gba iṣẹ́ èédú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1947, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 1948.