Ely Culbertson, Ẹni tí ó Sọ Káàdì di Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, kí ẹ tó bi mí pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nínú ìtàn ọkùnrin tí ó fi káàdì jẹun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwa mẹ́rin jókòó ti eré bridge nínú yàrá wa: ọmọ Ghana méjì, ọmọ Tógò kan, àti èmi. Ẹnìkejì mi, tí ó dojú kọ mí, pe 4 No Trump. Éèsì méjì wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó fẹ́ kí a dúró sí, mo sì dákẹ́. Nígbà tí a ta káàdì tán, ẹ̀ẹ̀méjìlá ni a jẹ nínú mẹ́tàlá, síbẹ̀ èrè kékeré ni a gbà, nítorí pé a kò pe méjìlá. Ìbéèrè ni arákùnrin náà ń bi mí, èmi kò sì mọ̀ pé ìbéèrè ni. Inú ìtìjú yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí ó kọ́ aráyé ní irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, káàdì 52 ni a ń pín fún ènìyàn mẹ́rin, mẹ́tàlá mẹ́tàlá. Àwọn tí ó dojú kọ ara wọn ni ó jọ ń ṣe. Kí wọ́n tó ta káàdì kan sílẹ̀, wọn yóò pe iye ìgbà tí wọ́n rò pé àwọn lè jẹ. Bí wọ́n bá pe méjìlá, slam kékeré nìyẹn. Bí wọ́n bá pe mẹ́tàlá, slam ńlá ni. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ti jẹ méjìlá ń gba èrè slam, ìbáà pè é, ìbáà má pè é. Ní ọdún 1925 ni Harold Vanderbilt, ọlọ́rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tún ìṣirò eré náà tò nínú ọkọ̀ ojú omi, pé ohun tí ènìyàn bá pè tí ó sì jẹ nìkan ni yóò gba èrè lé lórí. Láti ìgbà náà ni mímọ ìwọ̀n ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ti di ọ̀ràn pàtàkì.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1891 ni a bí Ely Culbertson ní ilẹ̀ Rùmáníà. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ìwakùsà ni baba rẹ̀, ọmọ Rọ́ṣíà sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ní Geneva àti ní Paris, ó sì gbọ́ èdè púpọ̀. Rọ́ṣíà ni ọrọ̀ wọn wà. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dojú dé ní ọdún 1917, gbogbo rẹ̀ lọ. Àwa ọmọ Yorùbá Tamale kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba mi àgbà, ọjà ni ó ń tà níhìn-ín, ó sì rí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Bí ọrọ̀ ti ń di òfo láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn àgbà ilé wa lè sọ ọ́. Káàdì ni Culbertson wá fi ń bọ́ ara rẹ̀ káàkiri, títí ó fi dé New York ní ọdún 1921. Baba mi àgbà ì bá pè é ní atatẹ́tẹ́ lásán, n kò sì ní bá a jiyàn lórí àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ìgbéyàwó ni ó tún ayé rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1923 ó fẹ́ Josephine Dillon, obìnrin tí ó ti ń kọ́ ènìyàn ní bridge, tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún nídìí eré náà. Nígbà tí eré tuntun Vanderbilt dé, tọkọtaya yìí rí i pé àwọn ènìyàn ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìṣìrò ń bà wọ́n. Ní ọdún 1929 Culbertson dá ìwé ìròyìn The Bridge World sílẹ̀, ní ọdún 1930 ó sì tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ńlá kan jáde. Ohun tí ó kọ́ wọn kò le: éèsì jẹ́ ẹyọ kan, éèsì àti ọba nínú ẹ̀yà kan náà jẹ́ méjì, éèsì àti ayaba jẹ́ ẹyọ kan àbọ̀, ọba àti ayaba jẹ́ ẹyọ kan, ọba tí káàdì kékeré tẹ̀ lé jẹ́ ìdajì. Ẹni tí ó bá ní méjì àbọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìpè.

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò fẹ́ gbà fún un. Ní ọdún 1930 ó kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi 4,845 borí ẹgbẹ́ Ọ̀gágun Buller. Ìjà tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ti oṣù Kejìlá ọdún 1931 sí oṣù Kìíní ọdún 1932, tí òun àti Sidney Lenz ta ayò 150 ní New York. Josephine ni ó jókòó dojú kọ ọ́ nínú èyí tí ó pọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ogun. Nígbà tí ó parí, Culbertson fi 8,980 ṣíwájú, gbogbo ènìyàn sì sáré lọ ra ìwé rẹ̀.

Ibi tí ó dùn mí nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1933, Easley Blackwood, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní ìlú Indianapolis, kọ̀wé sí The Bridge World nípa ọ̀nà kan láti fi wá slam. Bí ẹnìkejì bá pe 4 No Trump, ó ń béèrè iye éèsì ni. Bí n kò bá ní ọ̀kan, n ó pe 5 club; bí mo bá ní ẹyọ kan, 5 diamond; méjì, 5 heart; mẹ́ta, 5 spade. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀nà tí Culbertson fúnra rẹ̀ là kalẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí yóò pe 4 No Trump gbọ́dọ̀ ní éèsì mẹ́ta, tàbí éèsì méjì pẹ̀lú ọba ẹ̀yà tí wọ́n ti pè. Ní tòótọ́, ọ̀nà yìí ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń béèrè, ọlọ́gbọ́n ni yóò sì mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Blackwood rọrùn, láti ẹnu dé ẹnu ni ó sì gbà kárí ayé, títí dé yàrá wa ní Tamale. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkùnrin tí ó fi ìrọ̀rùn ẹ̀kọ́ borí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni ìrọ̀rùn ẹlòmíràn wá borí.

Ní ọdún 1937 ni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Austria ṣẹ́gun rẹ̀ ní Budapest. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e òun àti Josephine kọ ara wọn sílẹ̀. Ó wá fi ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ sídìí ètò àlàáfíà àgbáyé, ó sì tẹ ìwé kan jáde lé e lórí ní ọdún 1943: ó fẹ́ kí a fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ọmọ ogun, kí ẹnìkan má baà lè borí gbogbo àwọn yòókù. Ìṣirò káàdì náà ni, ó kàn gbé e kúrò lórí tábìlì.

Lẹ́yìn rẹ̀, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Charles Goren gba ipò rẹ̀. Ìṣirò tí Milton Work ti polongo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó lò: éèsì 4, ọba 3, ayaba 2, jáàkì 1, gbogbo rẹ̀ 40. Àwọn méjì tí ó bá ní 33 lè pe slam kékeré, nítorí pé 7 ni ó kù, kò sì tó éèsì méjì; bí wọ́n bá ní 37, wọ́n lè pe slam ńlá, nítorí pé 3 tí ó kù kò tó éèsì kan. Mo kọ èyí sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Kí Culbertson tó kú, àwọn ènìyàn ti ń fi ìṣirò tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1955 ní ìlú Brattleboro, ní ẹni ọdún 64. Josephine tẹ̀ lé e láàárín oṣù díẹ̀, ní ọdún 1956. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn akọni eré bridge sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, Culbertson, Vanderbilt àti Goren ni a kọ́kọ́ kọ. Ọdún 1996 ni a tó kọ ti Josephine.