Sundiata, ọmọ tí kò tètè rìn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nínú gbogbo ìtàn akọni àtijọ́, ti Sundiata Keita ti Mali ló bá ìwà mi mu. Èmi náà kì í yára, ṣùgbọ́n kẹ́nì kan má bú ìyá mi o!

Wọ́n ní ó tó ọmọ ọdún 7 kó tó rìn. Sogolon ìyá rẹ̀ tọrọ ewé oṣè lọ́wọ́ orogún rẹ̀, ìyẹn bá fi ọmọ tí kò lè rìn bú u. Sundiata ní kí wọ́n gbé ọ̀pá irin wá. Ó fi dìde, ọ̀pá náà sì wọ́ bí ọrun. Ló bá lọ fa odindi igi oṣè tu, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀. (Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.)

Wọ́n sá kúrò nílùú nígbà tó yá. Ní 1235, ó ṣẹ́gun Soumaoro ní Kirina, ó sì di ọba.