Jacobsen àti Ìkòkò Ìfọṣọ Ìyá Rẹ̀

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ máíkíróbáyọ́lọ́jì tó máa dé ọdún kẹta láì tíì gbọ́ orúkọ Kjeldahl. Bí wọ́n bá ní ká wá ìwọ̀n purotéènì inú ẹ̀wà tàbí inú wàrà, ọ̀nà tirẹ̀ la máa ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó wọ yàrá àyẹ̀wò tí kò tíì wọn pH rí, ì báà jẹ́ ti ògì tàbí ti omi kànga. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé yàrá àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni méjèèjì ti jáde, àti pé owó bíà ni wọ́n fi dá yàrá náà sílẹ̀. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ ń jẹ́ Jacob Christian Jacobsen. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Ká tó máa lọ, Ilọrin la wà, a sì mọ irú ìlú tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fẹnu kan ọtí rí, tí kò sì ní fẹnu kàn án láéláé. Ìtàn yìí kò pe ẹnikẹ́ni sí ìdí ọtí. Ìtàn ìwúkàrà ni, ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí àwọn alábúrẹ́dì ń pè ní íísì. Èyí tó ń mú búrẹ́dì tí a ń rà ní Tánkè wú àti èyí tí Jacobsen fi gbogbo ayé rẹ̀ lé kiri, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́nmákì, ni wọ́n bí Jacobsen sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1811. Òun nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ní. Christen, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Jutland tó wá síṣẹ́ ọtí ní ìlú ńlá, tó sì di ẹni tó ní ilé ìpọntí tirẹ̀. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ ni iṣẹ́ ọtí pípọn. Apọntí á ki ọwọ́ bọ omi láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe títí dòní. Christen wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo tẹmómítà fún iṣẹ́ yìí ní Dẹ́nmákì. Ó tún máa ń mú ọmọ rẹ̀ lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ H. C. Ørsted, onímọ̀ tó ṣàwárí ní 1820 pé iná mànàmáná máa ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Jacobsen kò lọ sí yunifásítì. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ørsted àti ohun tó kà fúnra rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ kẹ́mísìrì tó ní.

Christen kú ní 1835. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún wá di olórí ilé ìpọntí.

Bíà tí wọ́n ń mu ní Copenhagen nígbà náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìwúkàrà tí wọ́n ń lò máa ń ṣiṣẹ́ níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì ru sókè sójú àgbá. Bí àgbá kan bá dùn lónìí, òmíràn lè kan lọ́la, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì, ìwúkàrà mìíràn wà lọ́wọ́ àwọn apọntí. Inú òtútù ni eléyìí ti ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí 8 sí 12°C, ó sì máa ń rì sísàlẹ̀ àgbá. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á gbé bíà náà pamọ́ sínú àjà ilẹ̀ tó tutù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Á mọ́ gaara, á sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ìfipamọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ Jámánì náà, lager, ti wá. Nígbà tí Jacobsen tọ́ irú bíà yìí wò, ó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ pọn ọ́n ní Dẹ́nmákì.

Kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìkòkò ńlá tí ìyá rẹ̀ fi ń se aṣọ ìfọ̀ nílé ló fi ṣe ìdánwò àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ìkòkò yìí, kí ẹ lè mọ ohun tó dojú kọ. Ọkà bálì ni wọ́n máa ń rẹ sómi títí á fi hù, kí wọ́n tó sá a gbẹ. Híhù yẹn ló ń bí ẹ́ńsáìmù tó máa sọ sítáàṣì di ṣúgà. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tó wà láàárín nǹkan bí 62 sí 70°C. Bí omi bá tutù jù, ẹ́ńsáìmù kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá gbóná jù, yóò kú. Wọ́n á sẹ́ omi dídùn náà, wọ́n á fi òdòdó hops sí i, wọ́n á sè é kó hó dáadáa, wọ́n á sì mú un tutù. Ìgbà yẹn ni ìwúkàrà ń wọlé. Ẹni tó bá kánjú fi í sínú omi gbígbóná ti pa á, ẹni tó bá sì jẹ́ kí nǹkan mìíràn kó sínú ìkòkò ṣáájú rẹ̀ ti fi ilé fún àlejò tí kò pè. Ìkòkò ìfọṣọ kò ní ohun tó ń dín ooru kù, kò sì ní ìdérí tó ń dènà kòkòrò àìfojúrí. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni Jacobsen ti rí i pé ohun tí òun ń lépa ṣeé ṣe.

Ohun tó kù fún un ni ìwúkàrà tó dára. Ní 1845, ó gbéra lọ sí Munich, sọ́dọ̀ Gabriel Sedlmayr, ẹni tó ni ilé ìpọntí Spaten. Ó gba ìkòkò kékeré méjì tí ìwúkàrà kún inú wọn. Ọ̀nà Munich sí Copenhagen jìn, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n sì ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú ìrìn náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé-iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní ni pé inú àpótí fìlà ló kó ìkòkò méjèèjì sí, àti pé gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wá omi tútù tó máa dà sí wọn lára, kí ooru má bàa pa ohun tó gbé dání. Ẹni tó bá ti gbé àyẹ̀wò láti abúlé kan wá sí yàrá àyẹ̀wò rí nínú oòrùn oṣù Kẹta mọ irú ìpayà tó bá a rìn.

Ìwúkàrà náà délé láàyè. Jacobsen gba àyè láti lo àjà ilẹ̀ tó wà lábẹ́ odi ìlú Copenhagen, ibẹ̀ ló sì fi lager rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1847, ó kọ́ ilé ìpọntí tuntun sórí òkè kan ní Valby, lẹ́yìn ìlú, níbi tí omi àti àyè wà, tí ojú irin àkọ́kọ́ ní Dẹ́nmákì sì gba tòsí rẹ̀ kọjá lọ́dún náà gan-an. Ó ti fẹ́ Laura Holst ní 1839, wọ́n sì ti bí ọmọkùnrin kan, Carl, tó pé ọmọ ọdún márùn-ún lọ́dún náà. Ó fi orúkọ ọmọ náà pọ̀ mọ́ bjerg, tó túmọ̀ sí òkè lédè wọn. Báyìí ni Carlsberg ṣe gba orúkọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ọdún 1847, wọ́n pọn ọtí àkọ́kọ́ níbẹ̀. Iná jó ilé-iṣẹ́ náà ní 1867, ó sì tún un kọ́.

Ká ní ibí yìí ni ìtàn náà parí sí, olówó kan lásán la bá máa pè é. Ṣùgbọ́n Jacobsen kò gbàgbé pé òun ń ṣe ohun tí kò yé òun tán. Ní 1875, ó dá Yàrá Àyẹ̀wò Carlsberg sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dá Àjọ Carlsberg sílẹ̀, ó sì fi yíyan àwọn alábòójútó rẹ̀ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Dẹ́nmákì. Ó wá fi òfin kan lélẹ̀: àbájáde tí yàrá náà bá ṣe, tó sì wúlò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́.

Òfin yẹn kò pẹ́ kó tó rí ìdánwò. Láàárín ọdún 1880 sí 1883, adùn bíà Carlsberg ń bàjẹ́. Olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ohun ẹlẹ́mìí ní yàrá náà ni Emil Christian Hansen, ọkùnrin tó ti fi ọ̀dà kun ilé jẹun rí, tó tún kọ ìtàn àròsọ láti rówó kàwé. Ìwé Pasteur lórí bíà, tó jáde ní 1876, ti kọ́ gbogbo ayé pé kòkòrò àìfojúrí lè ba ọtí jẹ́, bakitéríà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fura sí. Hansen rí i pé ìwúkàrà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá: irú mìíràn láti inú afẹ́fẹ́ ti kó wọ àárín èyí tó dára. Ó fi omi là á títí ó fi ya sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ó mú un bí sí i, ó sì rí ìwúkàrà tó mọ́ pátápátá, tí kò ní àmúlùmálà. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1883, wọ́n lò ó fún iṣẹ́ ní Carlsberg. Òun ni wọ́n wá ń pè ní Saccharomyces carlsbergensis, èyí tí ìwé wa ń pè ní Saccharomyces pastorianus báyìí.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ Jacobsen ná. Òun nìkan ló ní oògùn àìsàn tó ń ṣe gbogbo apọntí ní Yúróòpù. Ó lè tì í mọ́lé kó sì máa wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń wọ gbèsè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ ọ̀nà náà jáde, wọ́n sì fún àwọn ilé ìpọntí mìíràn ní ìwúkàrà náà, nílé àti lókè òkun. Òun náà kò gbàgbé pé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní Munich, ni òun ti gba tòun. Lọ́dún kan náà ni Johan Kjeldahl gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde, èyí tó wá nítorí àtimọ iye purotéènì inú ọkà. Ní 1909, lẹ́yìn ikú Jacobsen, S. P. L. Sørensen gbé ìdiwọ̀n pH kalẹ̀ nínú yàrá náà.

Ọkùnrin tó lawọ́ sí gbogbo ayé báyìí kò lawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Carl ń bójú tó apá kan ilé-iṣẹ́ náà láti 1871. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pọntí tó pọ̀ sí i, kí ìfipamọ́ sì kúrú. Bàbá ní kò ṣeé ṣe, pé bíà gbọ́dọ̀ pé lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n tú ká, Carl dá ilé ìpọntí tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá, wọ́n sì jà dórí orúkọ ojú ọ̀nà tó wà láàárín wọn, kálukú gbé pátákó tirẹ̀ síbẹ̀. Ní 1882, Jacobsen kọ ìwé ìhágún tó gbé ilé-iṣẹ́ tó fi orúkọ ọmọ sọ fún Àjọ rẹ̀ dípò ọmọ náà. Ní 1886, wọ́n parí ìjà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1887, Jacobsen kú ní Róòmù nígbà ìrìn-àjò, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ní 1902, Carl fúnra rẹ̀ gbé ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ fún Àjọ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀.

Kí ló kàn wá níbí? Ìṣẹ́ ìkòkò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Kwara àti káàkiri Àríwá, àwọn obìnrin ti ń rẹ ọkà bàbà, tí wọ́n ń mú un hù, tí wọ́n ń fi pọn burukútù àti pító. Àwọn ìyá Yorùbá ń fi àgbàdo tó hù pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni wọ́n máa ń fi ru tòní sókè: ìwúkàrà ni wọ́n ń tọ́jú, bí wọn kò tilẹ̀ fojú rí i. Ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ọtí wọn pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó kan. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà bálì tó ti hù wọlé ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńlá sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tó ti wà nínú ìkòkò àwọn ìyá wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́.

Ìkòkò ìyá Jacobsen kò dára ju ti àwọn ìyá wa lọ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ọmọ kan dúró tì í, ó bèèrè ìdí tí ọ̀kan fi dára tí èkejì fi bàjẹ́, ó sanwó fún àwọn tó máa wá ìdáhùn, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì tí kì í tètè kan jù, wàrà tó dì dáadáa, irú tí òórùn rẹ̀ gún régé. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti tẹmómítà dání. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, kí ẹ tó jókòó tì wọ́n nídìí ìkòkò. Ohun tí ẹ bá sì rí kọ, ẹ má fi pamọ́.