Ladi Kwali, Amọ̀kòkò tí Òkìkí Rẹ̀ Kàn

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti wo ẹ̀yìn owó ogún náírà dáadáa rí? Ẹ ó rí obìnrin kan níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe olóṣèlú, kì í sì í ṣe ọmọ ọba. Amọ̀kòkò ni. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí Ladi ní abúlé Kwali, ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari. Ọwọ́ àǹtí rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ láti kékeré.

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá dé agbo ilé Dàda ní Òkèlele, ẹ ó rí àwọn ìyá tí ń fi ọwọ́ mọ àmù àti ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni Ladi náà ṣe ń ṣe. Yóò yí amọ̀ bí okùn, yóò ká a lé ara wọn, yóò sì máa rìn yí ìkòkò náà po títí yóò fi ga. Lẹ́yìn náà, yóò fín àwòrán alángbá, àkekèé, ejò àti ọ̀nì sí i lára. Gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Omi máa ń rin díẹ̀díẹ̀ lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi inú àmù fi ń tutù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Cardew, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ fún ìjọba ní ìlú Abuja àtijọ́. Suleja ni a ń pe ìlú náà báyìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwo, ife, jọ́ọ̀gì àti ìkòkò tíì tí ó le bí òkúta. Ààrò ńlá tí ooru rẹ̀ ju 1,200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ń sun wọ́n. Wọn a kọ́kọ́ fi àdàpọ̀ eérú àti òkúta lílọ̀ ra wọ́n lára. Iná a sì sọ ọ́ di ohun dídán bíi dígí, tí omi kò lè rin kọjá.

Cardew rí ìkòkò Ladi ní ààfin Emir Abuja, ẹnu sì yà á. Ní ọdún 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láàrin àwọn ọkùnrin. Ṣé yóò wá pa iṣẹ́ tí àǹtí rẹ̀ kọ́ ọ tì nítorí ti òyìnbó? Rárá o. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò mọ abọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ṣì fi ń mọ ìkòkò ńlá. Alángbá àti àkekèé rẹ̀ bá a wọ inú ààrò tuntun, wọ́n sì dán.

Lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn bíi Halima Audu àti Asibi Ido wọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún 1958, 1959 àti 1962, wọ́n pàtẹ àwọn iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1972, Ladi lọ fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kú ní ọdún 1984. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi ojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òbí yín. Ẹ kọ́ tuntun, kí ẹ má sì sọ ti àtijọ́ nù.

Ìbéèrè
1. Ta ni ó kọ́ Ladi ní iṣẹ́ ìkòkò mímọ?
2. Kí ni ó ń mú kí omi inú àmù tutù?
3. Kí ni Ladi kọ́ ní Abuja, kí sì ni kò fi sílẹ̀?