Ibojì Tí Ìwọ Kò Mọ̀, Olúwa Mọ̀ Ọ́n

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 15:35-58

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní Festac Town bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìsìn. Òkè òkun ni àkọ́bí rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Màmá kò ní owó tí yóò fi lọ, títí di òní kò rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ó ní òun gba àjíǹde gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn òun kì í balẹ̀ lóru. Báwo ni òun yóò ṣe tún rí ẹni tí òun kò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí?

Mo mọ̀ pé màmá yìí nìkan kọ́ ló ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ilé tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977 ni àdúgbò wa yìí. Ìlú oríṣiríṣi ni àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ ti wá, òkú ọ̀pọ̀ nínú wa sì jìnnà sí wa. Nítorí náà, fi ara balẹ̀ kí o gbọ́ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bóyá o ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí o máa wo ìyá rẹ̀ bí a ti ń lọ.

Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Àjàyí sí. Ní ọdún 1821, ogun dé bá ìlú náà. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́ láyé. Ogun kó ọmọ náà pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn. Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ fi Àjàyí pààrọ̀. Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó yà wọ́n nípá lẹ́ẹ̀kejì. Ìbànújẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀ lóru. Ọlọ́run kò gbà fún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi, tí ó sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti mọ Jésù. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni wọ́n rì í bọmi. Ó di olùkọ́, ó sì di àlùfáà ní ọdún 1843.

Ṣùgbọ́n kí ni Àfàlá mọ̀ nípa gbogbo èyí? Láyé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá tà sójú òkun, bí òkú ló rí lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Kò sí ibojì tí ìyá náà lè lọ sunkún sí.

Ní ọdún 1845, Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìlú tí títì ẹ̀gbẹ́ Festac wa yìí ń lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ó wọ Abẹ́òkúta. Ìròyìn rẹ̀ dé etí Àfàlá. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá wá. Wọ́n rí ara wọn, ẹnu wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà. Ọdún 25 ti kọjá! Ní ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n èmi kò gbọdọ̀ tàn ọ́. Ìpàdé Abẹ́òkúta kò wà títí. Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ní ọdún 1864. Òun ló ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní ọdún 1884. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1883. Òun náà kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé Abẹ́òkúta ni òpin, a jẹ́ pé ikú ti gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ìtẹ́ òkú Ajélé ní Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù sí. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba palẹ̀ ìtẹ́ òkú náà mọ́, wọ́n sì kó egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà Marina. Ṣé o rí i báyìí? Àní ibojì Bíṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ayé mọ̀, kò lè dúró síbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Bí ó bá jẹ́ ibojì ni ìrètí wa dúró lé, ó ti ṣubú.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ òní nìyí. Irúgbìn a máa jẹrà nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ kì í sì í sunkún lé e lórí, nítorí ó mọ ohun tí yóò hù. Ara tí a gbìn nínú àìlera, nínú agbára ni a ó jí i dìde. Nígbà tí Jésù sì dé Bẹ́tánì, orúkọ ni ó fi pe Lásárù jáde. Ẹni tó mọ orúkọ ọmọ rẹ kò ní béèrè ọ̀nà ibojì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi kò sọ fún màmá wa pé kí ó má sunkún mọ́. Àfàlá sunkún, Jésù pàápàá sunkún. Mo sọ fún un pé kí ó sunkún bí ẹni tó ń retí àlejò. Àwọn tó sùn nínú Kristi yóò jí, kò sì ní sí ìpínyà mọ́. Ní ti àwọn tí a kò mọ bí ọkàn wọn ti rí, bíi bàbá Àjàyí, a fi wọ́n lé Onídàájọ́ òdodo lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́, olùkàwé mi? Ìpàdé ńlá kan ń bọ̀. Ǹjẹ́ o ti mọ Ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ ní ọjọ́ náà? Bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú.

Àdúrà: Olúwa Jésù, ìwọ tí o ṣẹ́gun ibojì, tu gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Fi ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, kí a lè bá àwọn olólùfẹ́ wa pàdé lẹ́sẹ̀ ìtẹ́ rẹ. Àmín.