Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Di Onímọ̀ Kẹ́mísírì

Ṣé kẹ́mísírì ń dẹ́rù bà ọ́ ní kíláàsì? Gbọ́ ìtàn Michael Faraday. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i, níbi tó ti di ara Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, owó ilé ìwé kò sì tó. Ní ọmọ ọdún 14, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì, ó sì ń ka àwọn ìwé tó ń dì. Ìwé kẹ́mísírì tí Jane Marcet kọ ló là á lójú. Ó fi owó táṣẹ́rẹ́ ra èròjà, ó sì dán ohun tó kà wò.

Ní 1825, òun ló ṣàwárí benzene. Síbẹ̀, ní Kérésìmesì ọdún 1860, àbẹ́là lásán ló fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́: ó fi hàn wọ́n pé omi wà lára ohun tí àbẹ́là tó ń jó ń mú jáde. Ó kú ní 1867. Ìwọ náà, má kàn há a sórí. Béèrè ìdí rẹ̀.