Haruna Ìṣọ̀lá àti àpótí àwo tó wà ní Ara

Ìpàdé ẹbí la lọ ṣe ní Ara, ìlú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹdẹ, nítorí ilé bàbá bàbá mi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Èmi ni wọ́n máa ń pè tí ọ̀rọ̀ bá ti ní ìwé nínú, torí pé mo ka òfin ní yunifásítì. Pé n kì í lọ sí kóòtù, pé ìwé ni mò ń kọ jẹun, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni lára wọn. Bí a ṣe ń kó ẹrù jáde nínú yàrá ẹ̀yìn, a bá àpótí pákó kan. Àwo orin ló kún inú rẹ̀, àwọn àwo dúdú ńláńlá tí àwọn bàbá wa ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Èkúté ti jẹ etí páálí àwọn kan, ikán ti dé ìdí àpótí, àmọ́ àwọn àwo fúnra wọn ṣì wà.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti wá oníbàárà sílẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ọkùnrin kan ní Èkó ló máa ń ra irú rẹ̀, tó sì ń tà á fún àwọn òyìnbó tó ń kó àwo àtijọ́ jọ. Owó tó fẹ́ san lórí gbogbo àpótí náà kò lè ra páànù tó máa bo ìdajì òrùlé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì. Bàbá Kékeré wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jí nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Òṣogbo tó ní ẹ̀rọ àwo kékeré, irú èyí tí ẹ lè kì sínú báàgì. Blues ni ọ̀rẹ́ mi yìí fẹ́ràn, blues tó le, tí gìtá rẹ̀ ń han bí páànù tí wọ́n ń fi irin ha. Ó gun ọ̀kadà wá ní ọjọ́ kejì, ó sì mú àwo kan tiẹ̀ dání, èyí tí bàbá kan tó ń jẹ́ R.L. Burnside ṣe ní 1996 ní Mississippi, lọ́wọ́ alẹ́ ayé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń ta rọ́ọ̀kì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Kò sí ìmúradán kankan nínú rẹ̀. Bàbá yẹn á di orin kan mú, kò ní kúrò lórí rẹ̀ títí ara ẹ á fi gbà á. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, a gbọ́ ọ títí ó fi parí. Mo gbádùn ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́. Àwọn ọmọdé àdúgbò tó wá wò wá náà ń mi orí.

Lẹ́yìn náà la mú ọ̀kan nínú àpótí bàbá àgbà. A fi aṣọ tútù nù ún, a gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ó kọ́kọ́ ń ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Ìgbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, tí ìlù tẹ̀ lé e, tí ohùn Haruna Ìṣọ̀lá wá gùn ún lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi dìde dúró. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni bàbá yìí, kí ló dé tí kò sí gìtá nínú ẹ̀ tó sì tún le tó báyìí. Ojú tì mí díẹ̀, torí pé orúkọ nìkan ni mo lè sọ fún un. Ohun tí mo ti kà látìgbà náà, tí mo sì ti bi àwọn àgbà, ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ìṣọ̀lá Bello. 1919 ni wọ́n bí i. Àpàlà tó kọ kì í ṣe orin tó jáde láti ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín àwa Mùsùlùmí Yorùbá ló ti dàgbà, ó bá wéré àti sákárà tan, ìlù ló sì gbé gbogbo ẹ̀ ró: ìlù tó ń sọ̀rọ̀, àkúbà, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti agídìgbo tó ń dún nísàlẹ̀. Haruna kì í sáré orí ìtàgé. Ńṣe ni yóò jókòó, tí àwọn elégbè yóò yí i ká, tí yóò máa rọ òwe sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó fún oníyekíye. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn dídùn bí ti àwọn olórin ọjọ́ òní tí ẹ̀rọ ń bá tún ohùn ṣe. Ó wúwo, ó sì gbẹ díẹ̀ létí.

Ní 1948 ló ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ HMV. Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè, ló fi kọrin kì. Àwo náà kò tà. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ ti dé ilé iṣẹ́ òyìnbó, ẹ ti kọrin ọba ìlú yín, kò sì sí ẹni tó rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá padà sí iṣẹ́ mìíràn. Òun kò padà. Òde ló gbà lọ. Ó ń ṣeré ìkómọ, ìsìnkú, ìgbéyàwó, láti ìlú dé ìlú, títí àwọn olówó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé tí òde kò bá ní Haruna, òde kò tíì pé.

Ìgbà tó yá ni ikú wá ṣe ohun tí HMV kò lè ṣe. Ní oṣù September 1955, ọkọ̀ òfurufú BOAC kan tó ń ti Róòmù bọ̀ wá sí Kánò já bọ́ ní Tripoli, ní orílẹ̀-èdè Líbíà. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kú nínú rẹ̀. Ọba Adébóyè wà lára wọn. Haruna padà lọ sínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó tún orin ọba náà kọ, èyí tó ti jẹ́ oríkì wá di ẹkún. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ilé ló fẹ́ ní i. Mi ò mọ bí ẹ ó ṣe gba èyí, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bákan tí mo bá rántí pé òkú ọba ló gbé olórin náà sókè. Ẹni tó bá kọrin oríkì jẹun, irú èrè bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí i.

N kò ní torí pé mo fẹ́ràn ẹ̀ kí n wá máa pe dúdú ní funfun o. Ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀, olówó ló ń yìn: ẹgbẹ́ kan, ìyálọ́jà kan, kọńtíráktọ̀ kan. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà mọ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ. Àwa tí à ń gbọ́ ọ lónìí, orúkọ lásán ni. Ó sì tún ní ẹnu tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Àwọn àgbà Ara tí mo bi sọ fún mi pé nígbà tiwọn, ẹni tó bá ní òun ju Haruna lọ, tí Haruna bá fi orin dá a lóhùn, àwọn aládùúgbò ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ewu. Èmi ò gbà pé orin ń pààyàn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn yẹn nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ kú, tó ṣì ń dún létí mi, mo sì yé ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀.

Àwo tí ọ̀rẹ́ mi tún gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn ni Òrokí Social Club, tó jáde ní 1971. Òrokí ni oríkì Òṣogbo, ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ Òṣogbo. Ìdí nìyí tí àwo yẹn fi wà ní gbogbo ilé lágbègbè wa, ìdí sì nìyí tí bàbá àgbà mi, àgbẹ̀ kòkó tí kò wọ ẹgbẹ́ kankan rí, fi ní ẹ̀dà méjì. Mílíọ̀nù márùn-ún ni iye tí wọ́n máa ń pè pé ó tà. Lọ́ọ́yà inú mi máa ń béèrè ìwé ìṣirò tí mo bá gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè búra sí ni pé méjì wà ní Ara, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti há dé ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bínú lórí X torí ọ̀rọ̀ tani ló ni masters, ibí yìí ni kí ẹ ti tẹ́tí. Ní 1969, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè bíi EMI àti Decca ló ń darí òwò àwo nílùú Èkó, Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dairo, ọba jùjú, pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní STAR. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ni lágbègbè wa tó jẹ́ pé olórin ló ni ín. Aláàpàlà àti oníjùjú, Mùsùlùmí àti ọmọ Aladura, tí ìlù wọn ò jọra, jókòó sórí tábìlì kan láti pín èrè. Mo ti rí ìwé àdéhùn tí àwọn olórin ìsinsìnyí ń fọwọ́ sí láì kà. Ọkùnrin méjì yẹn ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá àwọn kan nínú wọn.

Kò dúró síbẹ̀. Ó gbé àpàlà lọ sí Benin, sí ìlú ọba, Sweden, Faransé, Jámánì àti Ítálì, nígbà tí ọ̀pọ̀ olórin wa kò tíì mọ ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ní 1979, ó wá ṣe èyí tó jẹ́ ìyanu jù lójú tèmi. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀, kì í ṣe Èkó o, ló gbé Phonodisk sí: ilé ìgbohùnsílẹ̀ oní-24-track, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo. Bí wọ́n ṣe ń tẹ àwo ni pé wọn yóò yọ́ ike dúdú kan, wọn yóò fi í sáàárín irin méjì tí ìlà orin ti wà lára wọn, irin méjèèjì yóò pa dé pẹ̀lú ooru, wọn yóò sì pa omi tútù sí i kí ike náà le. Apá kan ń mú ojú A, èkejì ń mú ojú B. Ẹ ronú nípa ẹni tí HMV ta àwo rẹ̀ tì ní 1948, tó wá ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn nínú ọgbà tirẹ̀.

Ọdún mẹ́rin péré ló gbádùn ẹ̀. Ó kú ní 1983, ìjọba ti fún un ní oyè MON ṣáájú. Kásẹ́ẹ̀tì ti ń gba ọjà lọ́wọ́ àwo nígbà yẹn, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì pàápàá, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní rédíò méjì lè ṣe nínú yàrá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ àwo ní Nàìjíríà mọ́. Ọmọ rẹ̀, Musiliu, ló gbé àpàlà dé ọ̀dọ̀ ìran tèmi. Sóyòyò ni gbogbo wa ń jó sí nígbà tí mo wà ní girama, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ti wo fíìmù Ayinla tí Tunde Kelani ṣe ní 2021, ẹ sì mọ aláàpàlà Ẹ̀gbá tí wọ́n pa ní ilé ọtí. Ìjà máa ń dùn ún wò ní fíìmù. Ẹni tó kọ́ ilé iṣẹ́ tó sì kú sórí ibùsùn, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe fíìmù.

Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré bi mí pé kí ni òfin sọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwo tó wà nínú àpótí jẹ́ ti ẹbí, wọ́n lè tà á bí wọ́n ṣe lè ta àga. Orin inú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Haruna ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ títí di ìparí 2053. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àádọ́ta ọdún ni tirẹ̀. Èyí tó jáde ní 1971, ẹ̀tọ́ lórí ohùn yẹn ti tán ní ìparí 2021. Bàbá Kékeré ní ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá náà ṣì ní olówó, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ ti di ti gbogbo ayé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní irú òfin wo nìyẹn.

N kò rí èsì fún wọn. A ò tíì ta àpótí náà. Ọkùnrin Èkó yẹn ti pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fi owó díẹ̀ kún un, òrùlé sì ṣì ń jò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń kó àwọn àwo náà sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní Sátidé tí iná bá wà, torí pé tí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé iná sókè sódò, àwo á máa yí lọ́nà òdì, ohùn Haruna á sì máa fà bí ẹni tó fẹ́ sùn. A ti ṣe mọ́kànlá. Nínú ẹ̀dà méjì Òrokí, èyí tí kò há la gbé sí apá kan, tí a fi aṣọ àdìrẹ ìyá àgbà wé. Èkejì ni à ń gbọ́. Ojú B rẹ̀ máa ń fò níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, Bàbá Kékeré sì ti ń bá a kọ ibẹ̀ báyìí, pẹ̀lú fífò rẹ̀ náà.